Kánsù 37 tó ní alága, tó ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé òfin: Bí ìjà Tinúbú àti Ọbásanjọ́ ṣe bí wọn

Ẹni tó bá gba Ìkòròdú kọjá, tó dé Ìmọ̀ta, yóò rí i pé ìlú náà kì í ṣe ìlú tí kò lólórí. Ọba wà níbẹ̀, Ranodu ni oyè rẹ̀. Alága kánsù wà, àwọn káńsílọ̀ wà, sẹkitéríàtì wà, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbowó oṣù, àwọn agbowó-orí sì ń já rìsíìtì fún ọlọ́jà. Kódà, ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ńlá ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ni ní kàyéfì ni pé béèyàn bá gbé ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tọdún 1999, tó ṣí i síbi tí wọ́n to orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó sí, tó kà á látòkè délẹ̀, kò ní í rí Ìmọ̀ta níbẹ̀. Ìkòròdú nìkan ló máa bá. Kò ní í rí Ìjẹ̀dẹ́, kò ní í rí Igbógbó-Báyékù, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í rí Ọ̀jọ́dù àti Onígbòǹgbò tí ọlọ́kọ̀ ń pè láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.

Kì í ṣe pé àwọn atẹ̀wé gbàgbé o. Ìjà ńlá ló wà nídìí ẹ̀, ìjà tó wáyé láàrin gómìnà kan àti Ààrẹ kan lọ́dún 2004, tó débi pé wọ́n jọ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ìjà náà ti lé lógún ọdún, ṣùgbọ́n títí di bá a ti ń wí yìí, àwọn tó ń gbé nírú ìlú bẹ́ẹ̀ ṣì ń jẹ nínú ẹ̀, bóyá wọ́n mọ̀ ni o, bóyá wọn kò mọ̀.

Ogún péré fún Èkó

Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni òfin mọ̀ ní Nàìjíríà, táwọn mẹ́fà tó wà l'Ábùjá bá wà nínú ẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀, 20 péré ni ti Èkó. Kano ní 44. Bẹ́ẹ̀, inú Kano yìí náà ni wọ́n ti yọ Jigawa lọ́dún 1991, Jigawa nìkan sì ní 27. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2006, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀ ni wọ́n kà l'Ékòó, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ ó dín díẹ̀ ni wọ́n kà ní Kano. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin èèyàn wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kánsù Kano ju ìlọ́po méjì ti Èkó lọ.

Kí ló wá kan aráàlú nínú iye kánsù? Owó ni. Nínú owó tó ń wọ àpò gbogbogbòò l'Ábùjá, bí wọ́n bá yọ ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pín in, wọ́n máa ń wo iye èèyàn, wọ́n máa ń wo àwọn nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n apá kan wà tó jẹ́ pé ọgbọọgba ni gbogbo kánsù ń gbà á. Nídìí èyí, ìpínlẹ̀ tó bá ní kánsù púpọ̀, àwo púpọ̀ ló gbé wá síbi ọ̀bẹ̀.

Aṣíwájú Bọ́lá Ahmed Tinúbú ló ń ṣe gómìnà Èkó nígbà náà. Lọ́dún 2002, ilé-aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé kí wọ́n gé kánsù 20 náà sí wẹ́wẹ́, kó di 57. Alímọ̀ṣọ́ nìkan di mẹ́fà: òun fúnra ẹ̀, Àgbádó/Òkè-Odò, Ayọ̀bọ̀-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù, Ìkòtún-Ìgándò àti Mọsan-Òkúnọlá. Ìkòròdú náà di mẹ́fà, ibẹ̀ ni Ìmọ̀ta, Ìjẹ̀dẹ́ àti Igbógbó-Báyékù ti gba òmìnira. Nígbà tó di ọjọ́ 27, oṣù kẹta, ọdún 2004, Èkó dìbò sí gbogbo kánsù 57 náà. Wọ́n búra fáwọn alága, ìlù ń dún, inú àwọn ọba ìlú kéékèèké ń dùn pé ìjọba ti dé ẹnu ọ̀nà àwọn.

Àtẹ̀gùn karùn-ún

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí bọ́ńbù fi bú. Lọ́jọ́ 8, oṣù kẹrin, ọdún 2004, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kọ lẹ́tà sí mínísítà fún ètò ìnáwó pé kí wọ́n má ṣe fún Èkó lówó ìjọba ìbílẹ̀ mọ́, àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tí wọ́n ti dá kánsù tuntun sílẹ̀. Àlàyé Bàbá Ìyábọ̀ ni pé òfin kò mọ kánsù kankan tó lé lórí 774, wọn kò sì lè máa fún ohun tófin kò mọ̀ lówó.

Kéèyàn tó lè mọ ẹni tó jàre, àfi kó mọ bófin ṣe ní kí wọ́n máa dá kánsù sílẹ̀. Àtẹ̀gùn márùn-ún ni. Àkọ́kọ́, ìlú tó bá fẹ́ kánsù máa mú ẹ̀bẹ̀ wá sílé-aṣòfin ìpínlẹ̀, ó kéré tán ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ń ṣojú wọn nílé náà àti ní kánsù gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìkejì, wọ́n máa dìbò bẹ́ẹ̀-ni tàbí bẹ́ẹ̀-kọ́ ládùúgbò náà, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ ní àwọn fẹ́. Ìkẹta, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kánsù tó wà ní ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbà. Ìkẹrin, ilé-aṣòfin ìpínlẹ̀ máa fi ìdá méjì nínú mẹ́ta buwọ́ lù ú. Ìkarùn-ún, ilé-aṣòfin àgbà l'Ábùjá máa ṣòfin láti fi orúkọ kánsù tuntun náà àti olú-ìlú ẹ̀ sínú ìwé.

Ìjọba Èkó ní àwọn ti gun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àkọ́kọ́, pé ti ìkarùn-ún kì í ṣe àṣẹ, kí wọ́n ṣáà kọ orúkọ sílẹ̀ ni. Àwọn ti Àbújá ní irọ́ ni, ẹni tí kò tíì gun èyí tó kẹ́yìn kò tíì dé òkè.

Bí àwọn àgbà ṣe ń fa á ni ọ̀rọ̀ ń dun aráàlú. Nínú owó tí wọ́n há mọ́wọ́ yẹn ni wọ́n ti ń san owó oṣù tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti tàwọn òṣìṣẹ́ kánsù. Èkó wá ní láti máa fi owó tó ń pa lábẹ́lé gbọ́ bùkátà, lọ́rọ̀ bá di kí wọ́n tẹra mọ́ owó-orí. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìyà ìgbà náà wà lára ohun tó kọ́ Èkó láti má gbójú lé Àbújá.

Oyún ni, kò tíì di ọmọ

Ìpínlẹ̀ Èkó gba ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ẹni tó padà ṣe igbákejì Ààrẹ lọ́dún 2015, ni kọmíṣánnà fún ètò ìdájọ́ Èkó lásìkò náà. Ọjọ́ 10, oṣù kejìlá, ọdún 2004 ni ìdájọ́ jáde, ó sì le débi pé tọ̀tún-tòsì ló ní òun jàre.

Ilé-ẹjọ́ ní Ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ kankan láti dá owó tó jẹ́ tìjọba ìbílẹ̀ dúró. Ìyẹn dùn mọ́ Tinúbú. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní lóòótọ́ ni Èkó lè ṣòfin láti dá kánsù sílẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ náà kò tíì parí, àwọn kánsù tuntun náà kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìjọba ìbílẹ̀ títí ilé-aṣòfin àgbà yóò fi ṣe tiẹ̀. Ìyẹn náà dùn mọ́ Ọbásanjọ́. Ní kúkúrú, oyún ti wà níkùn, gbogbo ayé ń rí i, ṣùgbọ́n kò tíì di ọmọ téèyàn lè sọ lórúkọ.

Ibi tí Tinúbú ti ta ọgbọ́n nìyí. Àwọn Yorùbá ní lẹ́yìn odi, orúkọ tó wu ni là ń jẹ́. Ó dá kánsù 20 padà bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé òfin, ó wá ní àwọn 37 yòókù kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ mọ́, ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè ni wọ́n, ohun táwọn èèyàn ń pè ní LCDA. Alága kò kúrò, ọ́fíìsì kò kúrò, pátákó ẹnu ọ̀nà nìkan ló yí padà. Síbẹ̀, Àbújá kò tú gbogbo owó náà sílẹ̀, àfìgbà tí Umaru Musa Yar'Adua di Ààrẹ lọ́dún 2007 tó ní kí wọ́n san owó Èkó. Owó náà lé ní bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà.

Ìyá kan, ọmọ márùn-ún

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣèjọba ìlú tí kò sí nínú ìwé? Bí owó bá ti Àbújá dé, orúkọ kánsù 20 nìkan ló máa ń wà lára ẹ̀, àpò kan tí ìpínlẹ̀ àtàwọn kánsù jọ ní ló sì ń wọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa yọ owó tíṣà àti owó ìfẹ̀yìntì, kí wọ́n tó wá pín ìyókù kárí kánsù 57. Ìyẹn ni pé owó tí Ìkòròdú gbà, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ márùn-ún ló ń jẹ ẹ́. Ohun tí kánsù kékeré bá tún rí lé e ni owó ọjà, owó ṣọ́ọ̀bù, owó ibùdókọ̀ àti irú wọn.

Alága ni olórí, òun ló ń yan àwọn súpáfáísọ̀. Káńsílọ̀ ni ẹni tí wọ́dù kọ̀ọ̀kan dìbò yàn, àwọn ló ń ṣòfin kánsù, àwọn ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìṣúná kí alága tó náwó. Iṣẹ́ tófin gbé lé kánsù lọ́wọ́ kò kéré: ọjà, gáréèjì, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ìtẹ́-òkú, gọ́tà, títì àdúgbò, iná ojú pópó, pàǹtírí, orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ilé, ìwé ọjọ́-ìbí, ìwé ikú àti ìwé ìgbéyàwó. Láti ọjọ́ tí wọ́n bíni títí dọjọ́ tí wọ́n máa sinni, kánsù ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé gọ́tà tó kún lójúlé èèyàn, kì í ṣe gómìnà ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, káńsílọ̀ wọ́dù ni. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tó ń pariwo gómìnà ló mọ orúkọ káńsílọ̀ wọn?

Àwọn gómìnà mìíràn náà ti wo àwòkọ́ṣe Èkó. Ní Ọ̀yọ́, Abíọ́lá Ajímọ̀bi dá LCDA 35 kún kánsù 33 tó wà nílẹ̀. Nígbà tí Ṣèyí Mákindé gorí àlééfà lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2019, gbogbo alága tó bá níbẹ̀, tí wọ́n dìbò yàn, ló ní kí wọ́n máa lọ ilé. Wọ́n bá a dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, lọ́jọ́ 7, oṣù karùn-ún, ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ ní ohun tó ṣe lòdì sófin, kó san owó wọn.

Ìdájọ́ 2024 àti ìbẹ̀rù tuntun

Ohun tó tún da omi rú ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní gómìnà kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìjọba ìbílẹ̀ mọ́, kí owó kánsù kọ̀ọ̀kan máa lọ sọ́wọ́ ẹ̀ tààrà. Ìjọba àpapọ̀ ló pe àwọn ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́. Ẹ sì wo bí ayé ṣe ń yí: ẹni tó ń ṣe Ààrẹ nígbà náà ni Tinúbú, ẹni tó bí kánsù 37 náà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló yọ̀, nítorí ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ̀sùn kan àwọn gómìnà pé wọ́n ń jẹ owó kánsù mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ò jẹ́ káwọn ará Ìmọ̀ta àtàwọn ẹgbẹ́ wọn sùn: bí owó bá ń lọ tààrà sọ́wọ́ Ìkòròdú, kí ló máa fipá mú Ìkòròdú pé kó pín in fáwọn tófin kò mọ̀? Níbi tí wọ́n ti ń pín in láti àpò kan ṣoṣo, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ló ń dáàbò bo àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá yọ ọwọ́ náà, ó di kí ìyá ṣàánú.

Èyí ló fà á tí wọ́n fi gbé àbá kan wá sílé-aṣòfin kékeré l'Ábùjá lọ́dún 2025, pé kí wọ́n kúkú sọ LCDA 37 náà di ìjọba ìbílẹ̀ tòótọ́, kí 774 di 811. James Fálékè tó ń ṣojú Ìkẹjà wà lára àwọn tó gbé e wá, ẹni tóun fúnra ẹ̀ ti ṣe alága LCDA Ọ̀jọ́dù rí. Àmọ́ irú àbá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú ilé-aṣòfin méjèèjì l'Ábùjá, kó tún gba inú ilé-aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tiẹ̀ tó fẹ́ kí wọ́n bá òun kọ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 12, oṣù keje, ọdún 2025, Èkó tún dìbò sí kánsù 57, ẹgbẹ́ òṣèlú APC ló sì gbé gbogbo ipò alága mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Wọ́n búra fáwọn alága, ìlù dún bíi ti 2004. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pe orúkọ l'Ábùjá, Ìkòròdú ni wọ́n máa pè. Ìmọ̀ta, Ìjẹ̀dẹ́ àti Igbógbó-Báyékù á dúró sẹ́yìn ìyá wọn, wọ́n á máa retí ohun tó bá mú bọ̀ láti ọjà.