Nígbà tí Linux yá kọ́kọ́rọ́ Windows lò

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ọkùnrin oníṣòwò kan ní kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn tí ó gbọ́ Faransé ń pè ní ordinateur. Windows ni ètò tí ó ń darí rẹ̀. Àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ àti ìwé gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó fi ètò mìíràn tí ń jẹ́ Linux sí ẹ̀gbẹ́ Windows, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè wo bí a ṣe kọ ọ́. Láti inú Linux, ó rí ìwé gbèsè rẹ̀, ó sì kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ fi orúkọ oníbàárà tuntun kún un, kò ṣeé ṣe. Ohun ìní rẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó o.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ìwé pamọ́ sí dà bí àká. Olúkúlùkù ètò ni ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà to ẹrù sínú àká tirẹ̀. Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé jáde ní 1993 ni a ń pè ní NTFS. Microsoft kò fi gbogbo àṣírí rẹ̀ han aráyé. Bí àlejò bá wọ inú irú àká bẹ́ẹ̀ láti wo ẹrù, kò léwu púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gbé ẹrù síbẹ̀ láìmọ ètò ibẹ̀ dájú, ó lè da gbogbo rẹ̀ rú, kí ẹnikẹ́ni má sì rí ẹrù rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe Linux fi ń ṣọ́ra.

Ọmọ ilẹ̀ Czech kan, Jan Kratochvil, wá gba ọ̀nà mìíràn. Èéṣe tí a ó fi máa méfò, nígbà tí ẹni tí ó mọ àká náà wà nínú ilé? Nínú gbogbo Windows irú ti ìgbà náà, ètò kékeré kan wà tí ń jẹ́ ntfs.sys. Òun ni ó mọ bí a ṣe ń kó ẹrù sínú àká náà àti bí a ṣe ń kó o jáde. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni Faransé ń pè ní pilote.

Kratochvil mú ntfs.sys bí ó ti wà, kò yí ohunkóhun padà lára rẹ̀. Ó kọ́ ilé ẹ̀tàn yí i ká, tí ó fi rò pé inú Windows ni òun ṣì wà. Ohunkóhun tí ó bá bèèrè lọ́wọ́ Windows, ilé náà ni ó ń dá a lóhùn. Díẹ̀ lára ìdáhùn wọ̀nyí wá láti inú ReactOS, ètò ọ̀fẹ́ tí àwọn kan ń ṣe kí ó lè máa ṣiṣẹ́ bíi Windows. Ó pe iṣẹ́ náà ní Captive NTFS. Òǹdè ni captive, orúkọ náà sì bá a mu gan-an.

Ó ṣiṣẹ́. Oníṣòwò wa lè kọ̀wé wàyí. Ṣùgbọ́n òǹdè náà kò yára. Ohun tí ó wúwo jù ni pé Microsoft ni ó ni ín, nítorí náà Kratochvil kò lè pín in fún ẹnikẹ́ni: olúkúlùkù ní láti wá a fúnra rẹ̀. Bí àbùkù bá sì wà nínú ntfs.sys, kò sí ẹni tí ó lè ṣí i wò kí ó tún un ṣe. Nígbà tí Linux fúnra rẹ̀ yí padà, Kratochvil ní láti tún ilé ẹ̀tàn náà kọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní 2006 ni ó gbé èyí tí ó bá Linux tuntun mu jáde. Lójú tiwa, ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ àyálò ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn kò yá kọ́kọ́rọ́. Wọ́n fi sùúrù wo àká náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi mọ bí a ṣe tò ó. Láti inú iṣẹ́ wọn ni Szabolcs Szakacsits, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ti ṣe NTFS-3G. Ní 2007, ó kéde pé ó ti ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Kò nílò ohunkóhun láti inú Windows, ẹnikẹ́ni sì lè wo inú rẹ̀. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ òǹdè parí.

Ní 2021, ilé-iṣẹ́ Paragon, tí ó ti ń ta irú pilote bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún Linux lọ́fẹ̀ẹ́. Lónìí, oníṣòwò náà lè ṣí ìwé gbèsè rẹ̀ láti inú Linux, kí ó kọ orúkọ tuntun sí i, kí ó sì pa á dé.