Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti yí padà, síbẹ̀ géèmù ṣì ń fà: ohun tí ó yẹ ní yíyẹ̀ wò kí owó mìíràn tó jáde lápò

Àwọn tí wọ́n mọ àdúgbò Ìsọlọ̀ Industrial Estate, ní ẹ̀bá títì márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá, mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n fi mọ ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ni ó kún àdúgbò náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń fi òru ṣe ọ̀sán. Ọjà Aswani tí kò jìnnà sí ibẹ̀ a sì máa kún fọ́fọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, òun náà a máa wá ohun tí yóò fi dára yá. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, géèmù orí kọ̀ǹpútà ni ohun náà. Bí ẹnìkan ti ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn ń fi ọkọ̀ sáré.

Kọ̀ǹpútà tí púpọ̀ nínú wọn ń lò kì í ṣe tuntun. Tokunbo ni, èyí tí àwọn ọ́fíìsì ilẹ̀ òkèèrè ti lò kí wọ́n tó pa á tì, tí àwọn oníṣòwò kó wọlé, tí wọ́n sì ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà. Irú rẹ̀ ni Dell OptiPlex 790, tí ó jáde ní ọdún 2011. Processor, èyí tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí ènìyàn lè bá nínú èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ni Intel Core i3-2100. Bí géèmù bá wá ń fà lórí rẹ̀, ìmọ̀ràn tí ẹni tí ó ni ín sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kí ó yọ i3 kúrò, kí ó fi i7 sí i. Òun náà a tu owó jọ, a fi owó iṣẹ́ òru kún un, a sì lọ ra i7-2600. Ó délé, ó tan kọ̀ǹpútà, ó rí i kedere pé i7 ni ó wà níbẹ̀. Ó ṣí géèmù, géèmù náà sì ń wọ́ bí ìgbín, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe lánàá.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹni tí ó rà á a ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, ẹni tí ó tà á a ní ọjà òun pé. Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọjà náà pé lóòótọ́, kí ó sì jẹ́ pé ibi tí àrùn wà kọ́ ni wọ́n fi oògùn sí.

Iṣẹ́ ọpọlọ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ayàwòrán

Ohun tí ojú ń rí nínú géèmù kì í ṣe ohun kan tí ń ṣàn bí omi. Àwòrán ni, tí wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn kíákíá. Bí kọ̀ǹpútà bá gbé ọgọ́ta àwòrán, ìyẹn 60, jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, géèmù yóò máa lọ geerege. Bí ó bá jẹ́ 30, ó ṣeé fara dà. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju 20 lọ, yóò máa ta gìrì, yóò sì máa dúró.

Ẹ̀yà méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Processor ni ó ń ṣe ìṣirò: ibi tí bọ́ọ̀lù yóò balẹ̀ sí, ohun tí ọ̀tá yóò ṣe. Ẹ̀yà kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní graphics, ni ó ń ya ohun tí processor bá ti ṣírò. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ nǹkan mímu sínú ìgò yóò tètè mọ ìtumọ̀ èyí. Bí ẹ̀rọ tí ń rọ nǹkan mímu bá ń rọ ọgọ́rùn-ún ìgò ní ìṣẹ́jú kan, tí èyí tí ń dé wọn kò sì lè dé ju ogún lọ, ogún ìgò náà ni yóò jáde. Bí wọ́n bá ra ẹ̀rọ mìíràn tí ó lè rọ igba ìgò, ogún náà ni yóò ṣì máa jáde.

Bí ọ̀ràn i3 àti i7 yìí ti rí gan-an nìyẹn. I3-2100 ní ọpọlọ méjì nínú, i7-2600 ní mẹ́rin, eré tirẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ayàwòrán kan náà ni Intel kọ́ mọ́ àwọn méjèèjì, orúkọ rẹ̀ sì ni HD Graphics 2000. Kọ̀ǹpútà tí kò bá ní káàdì graphics lọ́tọ̀ ti pààrọ̀ ọpọlọ, ṣùgbọ́n kò pààrọ̀ ayàwòrán. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí onítọ̀hún wọ inú ètò géèmù náà, kí ó dín ìwọ̀n àwòrán kù, fún àpẹẹrẹ láti 1920 sí 1080 lọ sí 1280 sí 720. Bí géèmù bá yá gágá lẹ́yìn èyí, graphics ni ó ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Bí kò bá yí padà rárá, a jẹ́ pé ibòmíràn ni ó yẹ kí wọ́n wò.

Ooru àti eruku

Ibòmíràn tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò ni ooru. Ìwọ̀n wáàtì 65 ni Intel kọ fún i3-2100, ṣùgbọ́n 95 ni ti i7-2600. Ìyẹn ni pé fáànù àti irin tí ń tú ooru ká, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2011, ni wọ́n tún di ẹrù kún lórí. Bí eruku bá ti dí irin náà, tàbí tí ọ̀dà tí wọ́n ń fi sáàárín rẹ̀ àti processor ti gbẹ, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde. Bí ooru bá sì ti ń sún mọ́ ìwọ̀n 100 Celsius, processor yóò fúnra rẹ̀ dín eré kù kí ó má baà jóná.

Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Géèmù yóò lọ dáadáa fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí fà, tí fáànù yóò sì máa pariwo. Ètò ọ̀fẹ́ bíi HWMonitor yóò fi ìwọ̀n ooru hàn. Àtúnṣe rẹ̀ náà kò wọ́n: kí wọ́n gbọn eruku kúrò, kí wọ́n fi ọtí spirit nu ọ̀dà àtijọ́, kí wọ́n fi tuntun díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì de irin náà le dáadáa. Ní ilé tí ó wà nítòsí ilé-iṣẹ́ tàbí títì ńlá, tí eruku kì í sinmi, irú ìmọ́tótó báyìí kò yẹ kí ó dúró de ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

RAM, ètò Windows àti bọ́ọ̀dù

RAM ni ó kàn. Géèmù GTA V, tí ó jáde fún kọ̀ǹpútà ní ọdún 2015, ń béèrè fún RAM 4GB ó kéré tán, 8GB ni àwọn tí wọ́n ṣe é sì dámọ̀ràn. Bí iye RAM ti ṣe pàtàkì tó, bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n ṣe tò ó. Méjì tí ó jẹ́ 4GB lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi sí ààyè tí ó bá ara wọn mu, sàn ju ẹyọ 8GB kan ṣoṣo lọ, nítorí ọ̀nà méjì ni ìsọfúnni yóò máa gbà dípò ọ̀nà kan. Èyí ṣe pàtàkì jù fún kọ̀ǹpútà tí kò ní káàdì graphics, nítorí inú RAM kan náà ni ayàwòrán rẹ̀ ti ń jẹun. Bí ó bá sì jẹ́ Windows oní-32-bit ni ó wà lórí rẹ̀, kò ní lè lò ju nǹkan bíi 4GB lọ, iye yòówù kí wọ́n kì bọ̀ ọ́.

Nínú Windows fúnra rẹ̀, kí wọ́n wo ibi tí a ti ń ṣètò iná. Bí ó bá wà lórí Power saver, kí wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, nítorí ètò tí ń fi iná pamọ́ ni, ó sì lè má jẹ́ kí processor sá eré tí ó lè sá.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù náà ń bẹ níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo processor tí ó bá wọ ihò ni bọ́ọ̀dù ń gbà. I7-3770, tí ó jáde ní ọdún 2012, ń lo irú ihò kan náà tí i7-2600 ń lò, ṣùgbọ́n Intel kò ṣe é fún bọ́ọ̀dù oní-Q65 tí ó wà nínú OptiPlex 790. Ẹni tí ó bá rà á fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ti sọ owó rẹ̀ nù. Ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wádìí orúkọ bọ́ọ̀dù rẹ̀ kí ó tó wọ mọ́tò lọ sí Ìkẹjà.

Bí káàdì graphics bá ti di dandan

Bí gbogbo èyí bá ti wà létòlétò, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé graphics ni ó kù díẹ̀ káàtó, kí ẹni náà wo power pack kí ó tó ra káàdì. Èyí tí ó wà nínú OptiPlex 790 kékeré kò ju wáàtì 240 lọ. Ààyè tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ kò yẹ kí ó fún un ju wáàtì 75 lọ. Káàdì ńlá tí ó ń béèrè wáyà iná lọ́tọ̀ kò yẹ irú àpótí bẹ́ẹ̀. Káàdì bíi GeForce GT 1030, tí ó jáde ní ọdún 2017, kò jẹ ju wáàtì 30 lọ, èyí tí ó kúrú nínú wọn sì wà fún àpótí kékeré. Kì í ṣe akọni, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀nà jíjìn ju HD Graphics 2000 lọ. Níbi tí iná NEPA bá ti ń lọ sókè sódò, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré sì ń gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, sitebiláísà tàbí UPS tí ó dára ni yóò dáàbò bo owó tí wọ́n ná.

Ó tún yẹ kí ènìyàn mọ ibi tí yóò ti dúró. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún Windows 10 dúró, i7-2600 kò sì sí lára àwọn processor tí Windows 11 fọwọ́ sí. Bí iye tí wọ́n fẹ́ ná lórí àgbà kọ̀ǹpútà bá ti ń sún mọ́ iye tokunbo mìíràn tí kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ó sàn kí wọ́n tọ́jú owó náà.

Kí ẹni tí géèmù rẹ̀ ń fà dín àwòrán kù wò, kí ó wọn ooru, kí ó ka RAM, kí ó sì yẹ ètò Windows wò, kí ó tó fi ayédèrú kan ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn, ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà.