Ṣé Reluwé Ni, àbí Black Hole?

Nílé ìyá àgbà mi ní Lálúpọn, nítòsí ojú irin, omi inú abọ́ ló máa ń kọ́kọ́ mì kí a tó gbọ́ fèrè reluwé. Nígbà tí mo kà nípa LIGO ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè àkọ́kọ́ mi nìyí: ta ló sọ fún wọn pé kì í ṣe reluwé ni?

Ẹ wò ó. Páìpù méjì ni, wọ́n tò wọ́n bí lẹ́tà L, ìkọ̀ọ̀kan gùn tó kìlómítà 4. Wọ́n pín iná lésà sí méjì. Ó lọ kan dígí lópin páìpù kọ̀ọ̀kan, ó sì padà wá pàdé. Ìgbì gravity tí Einstein ti sọ tẹ́lẹ̀ ní 1916 máa ń na apá kan, á mú kí èkejì súnkì, iná méjèèjì ò sì ní bára mu mọ́. Ìyàtọ̀ náà ò tó ìdá kan nínú 1,000 ìbú proton kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibẹ̀ yẹn o.

Okùn gíláàsì tín-ín-rín ni wọ́n fi so dígí oníkílò 40 rọ̀, kí ilẹ̀ tó ń mì má baà dà á láàmú. Síbẹ̀, reluwé máa ń yọ ti Livingston lẹ́nu.

Ohun tó gbà wọ́n ni pé méjì ni wọ́n kọ́. Èkejì wà ní Hanford, nǹkan bíi kìlómítà 3,000 sí ibẹ̀. Reluwé wo ló fẹ́ mi méjèèjì pọ̀?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 2015, Livingston gbọ́ ọ. Kò tó ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn náà, Hanford gbọ́ ìró kan náà gẹ́lẹ́: black hole méjì tó kọlu ara wọn ní ohun tó lé ní bílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn.

Ìgbì yẹn gba Lálúpọn náà kọjá, aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ku díẹ̀. Omi inú abọ́ ò mì.