Ọ̀gá ra chuck lówó pọ́ọ́kú, ìka ọmọ iṣẹ́ ló fẹ́ san ìyókù

Ẹni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Warehouse Road ní Àpápá rí mọ̀ pé tí tírélà bá ti tò síbẹ̀, bátìrì fóònù yín lè kú kẹ́ ẹ tó kọjá ilé mẹ́wàá. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù tọ́nà kan ládùúgbò yẹn. Ọ̀rẹ́ mi tó ń fi tírélà kó ẹrù ní wọ́ọ̀fù ló ní kí n sin òun lọ gba píìnì tí wọ́n ń gbẹ́ fún òun. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló pè é. A lò ju wákàtí méjì lọ. Apá ọ̀tún píìnì ọ̀hún wọ búṣì tiẹ̀, apá òsì náà wọ tiẹ̀, àmọ́ kò wọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀gá kọ́kọ́ jágbe mọ́ ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ pé kò fún irin náà dáadáa. Ọmọ yẹn, tí mi ò rò pé ó tíì ju ọdún 17 lọ, rọra fèsì: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fún un. Chuck yìí ló ń jó." Ọ̀gá dákẹ́. Tòkunbọ̀ ni chuck ọ̀hún, torí pé ó ń dán tówó ẹ̀ ò sì pọ̀ ló fi rà á.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò tíì dé ìdí ẹ̀rọ lathe rí: ẹ̀rọ náà ló ń yí irin, tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ á sì máa há a díẹ̀díẹ̀. Chuck ni ọwọ́ tó di irin yẹn mú. Eléyín mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àwo irin kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ojú ẹ̀ ká bí ìkarahun ìgbín. Tẹ́ ẹ bá ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò kan tẹ́ ẹ yí i, àwo yẹn á ti eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé pọ̀, irin á sì bọ́ sí àárín fúnra ẹ̀. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun o. Ọdún 1840 ni Simon Fairman ti gba pátẹ́ǹtì tiẹ̀ lórí chuck ní Amẹ́ríkà.

"Bọ́ sí àárín fúnra ẹ̀" yẹn ló ń tan èèyàn. Chuck tuntun tó dáa gan-an lè fi bíi 0.05 mm yẹ̀ kúrò ní àárín. Kò ní ṣe nǹkan kan tẹ́ ẹ bá parí gbogbo iṣẹ́ láì tú irin sílẹ̀, torí pé gbogbo ojú tẹ́ ẹ gbẹ́ á jọ wà lórí àárín kan náà. Àmọ́ ẹ tú u, ẹ yí i sódì, ẹ tún un fún: àárín ti di méjì nìyẹn. Ohun tó ṣe píìnì ọ̀rẹ́ mi gan-an nìyẹn, chuck tó ti gbó sì wá sọ ọ́ di ńlá. Eléyín mẹ́rin, tí eyín kọ̀ọ̀kan ń dá rìn, ló yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì fi dial gauge wọ̀n ọ́n.

Kẹ́ ẹ tó sanwó chuck tòkunbọ̀, ẹ gbàgbé dídán. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ bóyá ó bá orí ẹ̀rọ yín mu. Ẹ wo nọ́ńbà 1, 2, 3 lára eyín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra wọlé, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé ara chuck mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ̀kan. Ẹ fi í di irin tó tọ́ mú, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹnu eyín ti là sílẹ̀ níwájú. Tó bá ti là, ẹ̀yìn nìkan ló ń di irin mú, irin á sì máa mì bí eyín arúgbó. Ẹ wo iye eré tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀ pẹ̀lú, torí tí chuck bá fọ́ lórí eré, ẹni tó dúró tì í ló máa gbà á sára.

Ìtọ́jú ẹ̀ ò le. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ, èyí tó ń ti èérún irin wọ inú àwo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Búrọ́ọ̀ṣì ló yẹ. Kí wọ́n máa yọ eyín lóòrèkóòrè, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n fi gíríìsì díẹ̀ pa á. Tó bá pọ̀ jù, á máa gbé èérún mọ́ra. Kí wọ́n má ki páìpù bọ kọ́kọ́rọ́ torí pé wọ́n fẹ́ fún un le. Tí wọ́n bá sì fẹ́ yọ chuck, kí wọ́n tẹ́ pákó sábẹ́ ẹ̀, torí tó bá já bọ́, ìka ló ń wá.

Ìka yẹn ló ká mi lára jù. Bí ọmọ náà ṣe fún irin mìíràn kó lè fi hàn wá bí chuck ṣe ń jó, ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀, ó na ọwọ́ sí súìṣì. Ọ̀gá ló ké: "Kọ́kọ́rọ́!" Ká ní ó ti tan ẹ̀rọ ni, irin yẹn á fò bí òkò. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ kúrò lára kọ́kọ́rọ́ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà nínú chuck. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó ní sípíríìnì tó máa ń tì í jáde fúnra ẹ̀.

Òfin ni mo kà ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n lò ó díẹ̀. Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ka ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àdéhùn ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá ló yẹ kó máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ fún NSITF. Tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó fara pa sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, kó sì béèrè owó gbà-má-bínú láàárín ọdún kan. Kò nílò láti fi hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi.

Mo bi ọ̀gá yẹn bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín: "Lọ́yà, èmi àti ìyá ẹ̀ ti jọ sọ̀rọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni gbogbo ìwé àdéhùn wọn. Ìyá ló ń sanwó ẹ̀kọ́ṣẹ́. Tí ìka bá já, ọ̀dọ̀ ìyá náà ni wọ́n á dá ọmọ padà sí. Ẹ má sọ fún mi pé àìlówó ni. Jẹnẹrétọ̀ méjì ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Níkẹyìn, wọ́n gbé eléyín mẹ́rin kan tó ti ń dípẹtà jáde láti igun, wọ́n fi dial gauge wọ̀n ọ́n, wọ́n sì gbẹ́ irin tuntun. Píìnì wọlé wẹ́rẹ́. Ọ̀rẹ́ mi sanwó. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ náà ti ń gbé eléyín mẹ́ta yẹn padà sórí ẹ̀rọ, kò sì sí pákó kankan lábẹ́ ẹ̀.