Adétòkunbọ̀ tó kọ́ láti wo ẹnìkejì: bí Giannis ṣe di ẹni tí ń pín bọ́ọ̀lù

Bí ẹ bá rí orúkọ «Antetokounmpo» lẹ́yìn aṣọ agbábọ́ọ̀lù, ẹ lè rò pé orúkọ àwọn aláwọ̀ funfun ni. Ẹ rọra pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Adétòkunbọ̀ ni. Nínú ìkọ̀wé àwọn ará Gíríìsì, «nt» ni wọ́n fi ń kọ ohùn «d», «mp» ni wọ́n sì fi ń kọ ohùn «b». Ọ̀nà tí orúkọ tiwa gbà kó tó dé Amẹ́ríkà nìyẹn. Ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà ni Charles, bàbá Giannis. Ọmọ Ígbò ni Veronica, ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì kó lọ sí ìlú Athens lọ́dún 1991, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí Giannis sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1994.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀, wọn yóò ní ó ga, ó ń fò, ó ń fi agbára ki bọ́ọ̀lù bọnú agbọ̀n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọmọ ní gíga. Ohun tí ọmọ wa lè kọ́ lára ọkùnrin yìí ni èyí tí òun náà fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́: bí a ṣe ń ríran lórí pápá, àti bí a ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tó yẹ ní àkókò tó yẹ.

Fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọlọ́jà tí ẹ kì í wo eré yìí, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ní ṣókí. Ènìyàn márùn-ún ló ń bá márùn-ún gbá a. Agbọ̀n kan wà lókè ní ìpẹ̀kun pápá kọ̀ọ̀kan, mítà 3.05 ló fi ga sí ilẹ̀. Ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ìtòsí gba àmì méjì. Ẹni tó bá jù ú láti ẹ̀yìn ìlà tó jìnnà gba mẹ́ta. Bí ẹnì kan bá gbé bọ́ọ̀lù fún ẹnìkejì rẹ̀, tí onítọ̀hún sì jù ú wọlé, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó gbé e fún un náà sílẹ̀. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní «passe décisive». Bọ́ọ̀lù ìrànwọ́ ni a ó máa pè é níhìn-ín.

Bàtà kan fún ẹni méjì

Ìyà jẹ ìdílé náà ní Athens. Àwọn òbí kò ní ìwé ìgbélùú, iṣẹ́ gidi kò sì yá fún wọn. Giannis àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Thanasis máa ń kiri aago, awò ojú àti báàgì ní ìgboro kí wọ́n lè rí owó oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù, bàtà kan ni wọ́n jọ ń lò. Bí ẹnì kan bá gbá tirẹ̀ tán, á bọ́ ọ fún ẹnìkejì.

Gíríìsì ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kàwé, síbẹ̀ wọn kò kà á sí ọmọ ìlú títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2013, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 18. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí ẹnubodè, ẹ mọ ohun tí àìníwèé lè fojú ẹni rí.

Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks ní Amẹ́ríkà mú un. Ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún ló jẹ́ nínú àwọn ọmọ tuntun tí àwọn ẹgbẹ́ NBA yàn. Ìpele kejì ní Gíríìsì ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù bọ̀. Ní sáà tó kọ́kọ́ lò níbẹ̀, Bucks borí nínú eré 15, wọ́n pàdánù 67. Kò sí ẹgbẹ́ tó ṣe burúkú tó wọn ní NBA lọ́dún náà. Giannis ń gba àmì 6.8 ní ìpíndọ́gba nínú eré kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù ìrànwọ́ rẹ̀ kò sì pé méjì: 1.9 ni.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó fi bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́

Lọ́dún 2014, Jason Kidd di akọ́nimọ̀ọ́gbá Bucks. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń pín bọ́ọ̀lù ni. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2013, bọ́ọ̀lù ìrànwọ́ rẹ̀ ti pé 12,091. Ẹnì kan ṣoṣo, John Stockton, ló ní ju ìyẹn lọ nínú ìtàn NBA nígbà náà. Kidd gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún 2011 pẹ̀lú Dallas, níbi tí Ian Mahinmi, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀.

Nínú eré yìí, ẹni kúkúrú tó yára ni wọ́n sábà máa ń fi bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ pé kó máa darí àwọn yòókù. Ẹni gíga ń dúró lábẹ́ agbọ̀n kí wọ́n gbé e wá bá a. Kidd wo ọmọ tó ga tó mítà 2.11, ó sì yí i padà. Ó kọ́kọ́ dán an wò nínú àwọn eré ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Las Vegas lọ́dún 2014. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2016, tí nǹkan kò lọ déédéé fún ẹgbẹ́ náà, ó fi ìdarí eré lé Giannis lọ́wọ́ gidi.

Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, Bucks pàdé Los Angeles Lakers. Giannis gba àmì 27, ó kó bọ́ọ̀lù 12 lábẹ́ agbọ̀n, ó sì fúnni ní bọ́ọ̀lù ìrànwọ́ 10. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ tó mẹ́wàá nínú ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Kí sáà náà tó parí, ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ẹ wo bí bọ́ọ̀lù ìrànwọ́ rẹ̀ ṣe ń gòkè nínú eré kọ̀ọ̀kan láti sáà dé sáà: 1.9, lẹ́yìn náà 2.6, lẹ́yìn náà 4.3, nígbà tó sì di sáà 2016 sí 2017, ó di 5.4. Ní sáà yẹn, òun ló ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àmì gbígbà, nínú bọ́ọ̀lù kíkó lábẹ́ agbọ̀n, nínú bọ́ọ̀lù ìrànwọ́, nínú bọ́ọ̀lù jíjá gbà àti nínú bọ́ọ̀lù dídí. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó tẹ̀ síwájú jù lọ ní NBA.

Ṣùgbọ́n kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Bọ́ọ̀lù tó ń sọ nù sọ́wọ́ alátakò náà pọ̀ sí i, láti 1.6 nínú eré kọ̀ọ̀kan ní sáà àkọ́kọ́ dé 2.9 ní sáà kẹrin. Ẹni tó ń pọn omi ni ìkòkò lè fọ́ mọ́ lọ́wọ́. Kidd kò torí ìyẹn gba bọ́ọ̀lù náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni ó kọ́ láti rí?

Ẹ wo oníṣẹ́ zémíjàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní oríta Àjàṣẹ́. Kì í wo táyà iwájú ara rẹ̀. Ó ti rí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lókèèrè, ó ti rí ìyá tó gbé igbá tó fẹ́ sọdá, ó sì ti mọ̀ pé zémíjàn tó wà lápá ọ̀tún máa yà láìfún ẹnikẹ́ni ní àmì. Kí ọkọ̀ akẹ́rù tó dé, ọwọ́ rẹ̀ ti yí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti orí pápá rí.

Bí Giannis bá ń sáré lọ síbi agbọ̀n, ẹnì kan kò lè dá a dúró. Ẹnìkejì á sáré wá ran onítọ̀hún lọ́wọ́, nígbà míràn ẹ̀kẹta á tún dé. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò owó ọjà: bí mẹ́ta nínú márùn-ún bá ń ṣọ́ ẹnì kan, méjì péré ló kù láti ṣọ́ mẹ́rin. Ó di dandan kí ẹnì kan wà lófìfo. Iṣẹ́ ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú ni kó mọ onítọ̀hún.

Igun pápá ni ẹni náà sábà máa ń wà. Ìdí rèé: ìlà àmì mẹ́ta jìnnà sí agbọ̀n tó mítà 7.24 láàárín pápá, ṣùgbọ́n ní igun, nǹkan bíi mítà 6.7 ni. Ibẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù.

Mímọ ibẹ̀ nìkan kò tó. Bí o bá gbé bọ́ọ̀lù jù sáré, ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀rẹ́ rẹ kò tíì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí o bá pẹ́ jù, wọ́n ti ká ọ mọ́. Ìgbà tí ẹnìkejì bá gbé ẹsẹ̀ láti wá bá ọ ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ. Gíga ran Giannis lọ́wọ́ láti rí ọ̀nà lókè orí àwọn alátakò. Ṣùgbọ́n ó ga bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń fúnni ní 2.6 náà. Ojú rẹ̀ ló là.

Nígbà tí wọ́n mọ ògiri sí i níwájú

Lọ́dún 2018, Mike Budenholzer gba ipò akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì fi àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù jù láti ọ̀nà jíjìn yí Giannis ká. Bucks borí nínú eré 60 ní sáà yẹn, bọ́ọ̀lù ìrànwọ́ rẹ̀ di 5.9, wọ́n sì yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní NBA. Wọ́n tún yàn án lọ́dún 2020.

Síbẹ̀, ife kò wá. Lọ́dún 2019, wọ́n na Toronto lẹ́ẹ̀mejì, Toronto sì na àwọn lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra. Lọ́dún 2020, Miami lé wọn padà sílé ní mẹ́rin sí ẹyọ kan. Àwọn alátakò ti mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ènìyàn méjì, mẹ́ta, á dúró bí ògiri níwájú agbọ̀n, wọ́n á máa retí kó wá kọlù wọ́n. Wọ́n gbà pé àwọn yòókù kò ní lè ju bọ́ọ̀lù wọlé.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Lọ́dún 2021, Bucks tún dé, Jrue Holiday sì ti wà lọ́dọ̀ wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje, wọ́n ń gbá eré karùn-ún nínú àṣekágbá pẹ̀lú Phoenix Suns. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, Bucks fi àmì kan ṣoṣo síwájú. Holiday já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ Devin Booker. Giannis, tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí sáré, ó sì na ọwọ́ sókè. Holiday sọ bọ́ọ̀lù náà sí òfuurufú, Giannis fò, ó já a gbà lókè, ó sì kì í bọnú agbọ̀n. Bucks borí ní 123 sí 119. Ní alẹ́ yẹn, Giannis fúnra rẹ̀ ti fi bọ́ọ̀lù ìrànwọ́ mẹ́fà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí eré le jù, òun náà rí ẹni tó gbé e fún un.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n na Phoenix ní 105 sí 98, ife náà sì di tiwọn lẹ́yìn 50 ọdún. Giannis nìkan gba àmì 50. Charles, bàbá rẹ̀, kò rí i. Ó ti kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017.

Ẹnì kan lè béèrè pé: bọ́ọ̀lù ìrànwọ́ mélòó ló fúnni ní alẹ́ àmì 50 yẹn? Méjì péré ni. Kò tako ohun tí a ń sọ. Ẹni tó ń ríran máa ń rí i pẹ̀lú pé ọ̀nà ti là fún òun. Ìgbà tí ọ̀nà dí, ó gbé e fún ẹlòmíràn. Ìgbà tí ọ̀nà là, ó kọjá. Kò sì dáwọ́ ẹ̀kọ́ dúró lẹ́yìn ife: ní sáà 2023 sí 2024 àti èyí tó tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀lù ìrànwọ́ rẹ̀ gòkè dé 6.5 nínú eré kọ̀ọ̀kan, ju ti gbogbo sáà tó ṣáájú lọ.

Ohun tó kàn wá nílé

Bí ẹ bá dé pápá tí àwọn ọmọ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́, ẹ máa rí ọmọ tó di bọ́ọ̀lù mú títí ẹni méjì fi ká a mọ́, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń ju ọwọ́ ní igun láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ọmọ náà kì í ṣe ahun. Àmì tó gbà nìkan ni àwa tó ń wòran ń pàtẹ́wọ́ fún, ìdí nìyẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Ẹ dá eré dúró lójijì, kí ẹ ní kí ọmọ tó di bọ́ọ̀lù mú dijú, kó sọ ibi tí àwọn mẹ́rin yòókù wà. Ẹ máa kọ orúkọ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù fúnni sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń kọ ti ẹni tó jù ú wọlé. Bí ọmọ bá gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ọ̀rẹ́ náà sì jù ú sẹ́yìn agbọ̀n, ẹ má pariwo mọ́ ẹni tó gbé e fún un. Ó ti rí ohun tó yẹ kó rí.

Àwọn ọmọ méjì tó pín bàtà kan lò ní Athens ti mọ̀ láti kékeré pé ohun tí o bọ́ fún ẹnìkejì rẹ kò sọ nù. Ọdún púpọ̀ ló gba Giannis kó tó lè fi bọ́ọ̀lù ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tiwa náà nílò ọdún, wọ́n sì nílò ẹni tó máa fi bọ́ọ̀lù lé wọn lọ́wọ́ tí kò ní gbà á padà nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣi í gbé.