Pípo Ohùn Ọlọ́nà Mẹ́fà Nínú Ilé

Ẹni tí ó bá dúró láàárín agbo onídùndún kì í gbọ́ ìlù láti iwájú nìkan. Ìyáàlù lè máa sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, kí gúdúgúdú máa dún lápá ọ̀tún, kí ariwo àwọn òǹwòran sì máa ti ẹ̀yìn wá. Sípíkà méjì a máa kó gbogbo rẹ̀ síwájú. Ètò ọlọ́nà mẹ́fà, tí a ń kọ ní 5.1, ni ó lè dá ohùn kọ̀ọ̀kan padà sí àyè rẹ̀. Ọ̀nà márùn-ún ń gbé odindi ohùn. Ẹ̀kẹfà, tí ó jẹ́ ti wúfà, ń gbé kìkì ìró ìsàlẹ̀ tí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ kò ju 120 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Sípíkà ni a ń kọ́kọ́ tò. Àjọ ITU, tí ó jẹ́ ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé, là á sílẹ̀ pé kí sípíkà àárín wà ní ọ̀kánkán olùgbọ́, kí ti òsì àti ti ọ̀tún yà sí 30 dígírì, kí méjì ti ẹ̀yìn sì yà sí nǹkan bí 110. Nítorí náà, "ẹ̀yìn" tí a ń wí yìí kì í ṣe ìpàkọ́. Ẹ̀gbẹ́ etí ni, ó kàn sún sẹ́yìn díẹ̀ ni.

Nínú ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ REAPER, ọ̀nà méjì péré ni ìlà ohùn kọ̀ọ̀kan máa ń ní ní ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ibi tí a ń pè ní Routing ni a ti ń sọ ọ́ di mẹ́fà. Bákan náà ni a ó ṣe fún Master, ìlà àgbà tí gbogbo ìyókù ń ṣàn sí. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí, sípíkà iwájú méjì nìkan ni yóò máa dún fún un. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ReaSurround sórí ìlà, tí a ó sì máa fa ohùn lọ síbi tí a fẹ́ lójú àwòrán rẹ̀. Àpótí tí ń gbé ohùn jáde láti inú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní ojú ìjáde mẹ́fà, ó kéré tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ètò-ìtẹ̀léra àwọn ọ̀nà náà. Fáìlì WAV ń tò wọ́n báyìí: òsì, ọ̀tún, àárín, wúfà, ẹ̀yìn òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún. Àṣà àwọn onísinimá yàtọ̀: òsì, àárín, ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, wúfà. Bí a bá fi ti ìṣáájú ka ti ìkẹyìn, ìyáàlù tí ó wà láàárín yóò fò sí ọ̀tún, ohùn ẹ̀yìn òsì yóò sì já sínú wúfà. Ẹ̀rọ kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ó tọ́ kí a gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tí ń pe orúkọ sípíkà kọ̀ọ̀kan, kí a sì rán an gba ọ̀nà tirẹ̀.

Ewu mìíràn ń bẹ. Sípíkà méjì ni ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ní. Nígbà tí a bá ká ọ̀nà mẹ́fà sí méjì, ìlànà ITU a máa dín àárín àti ẹ̀yìn kù ní désíbẹ̀lì 3, kí ó tó pò wọ́n mọ́ iwájú. Ọ̀nà wúfà ni a sábà máa ń jù nù pátápátá. Lílọ sókè-sódò ohùn ìyáàlù sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí dídún gbì rẹ̀ bá wù, tí ó sì gbé e fún wúfà nìkan, ti sọ oríkì tí onílù ń kì nù, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ da á kọ kò sì ní rí nǹkan kọ. Àárín, tàbí òsì pẹ̀lú ọ̀tún, ni àyè ìyáàlù. Wúfà lè gba díẹ̀ nínú ìró rẹ̀ ṣe àfikún. Kí a sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí sípíkà méjì kí ó tó jáde nílé.