Pelvicachromis pulcher

Pelvicachromis pulcher jẹ́ ẹja odò kékeré aláràbarà kan nínú ẹbí Cichlidae, ẹbí kan náà tí epìyà wà. Inú àwọn odò gúúsù Nàìjíríà títí dé etíkun Kamẹrúùnù ni ibùgbé rẹ̀. George Albert Boulenger ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1901. Ọ̀rọ̀ Látìnì ni pulcher. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni «arẹwà». Àwọn tó ń sin ẹja fún ẹwà mọ̀ ọ́n káàkiri àgbáyé ju bí àwọn ará ibi tó ti ṣẹ̀ wá ti mọ̀ ọ́n lọ.

Ìdánimọ̀

Orúkọ ọjà rẹ̀, kribensis, ń ṣini lọ́nà. Láti ara ìlú Kribi ní Kamẹrúùnù ni orúkọ náà ti wá, ẹja mìíràn ni ó sì tọ́ sí: Pelvicachromis kribensis, tí Boulenger sọ lórúkọ ní ọdún 1911. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń ka ìyẹn mọ́ P. taeniatus, kí àwọn onímọ̀ tó yà á sọ́tọ̀ ní ọdún 2014. Nítorí náà, orúkọ tí a kọ sára àpótí ní ìsọ̀ kò tó ẹ̀rí.

Ìlà dúdú gbòòrò kan máa ń gba ara P. pulcher láti ẹnu dé ìrù. Akọ lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó ní ìparí. Abo kúrú, ó sì sanra díẹ̀. Nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin, ikùn rẹ̀ á pọ́n títí yóò fi súnmọ́ àwọ̀ àlùkò. Ẹni tó bá rò pé akọ ni yóò dán jù, bí ó ti rí láàárín àkùkọ àti àgbébọ̀ adìẹ, yóò ṣi ẹja yàn.

Ìtọ́jú

Àpótí gíláàsì tó gba lítà 75 tó fún takọtabo kan. Ìwọ̀n ooru omi tó bá wọn mu jẹ́ 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi tí kò le, tí pH rẹ̀ wà láàárín 6 àti 7, ni ó dára jù. Èyí ni kò fi yẹ kí a kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn mbuna ti Adágún Málawì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja aláwọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni gbogbo wọn: omi líle tí pH rẹ̀ kọjá 7.5 ni mbuna ń fẹ́, ìjà wọn sì le.

Kí ẹja tó wọ inú àpótí tuntun, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí baktéríà tó ń sọ amóníà inú ìgbẹ́ ẹja di ohun tí kò léwu púpọ̀ lè gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n nílò orísun amóníà díẹ̀ ní àsìkò yìí. Omi lásán kò lè bọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ẹja tí wọ́n ní «kú lójijì» ni amóníà pa.

Ìbísí

Inú ihò ni wọ́n ń yé sí. Ìkòkò amọ̀ tí a dojú rẹ̀ dé, tí a dá ẹnu kékeré sí, tàbí igbá àgbọn, tó fún wọn. Abo ni ó máa ń kọnu ìfẹ́ sí akọ. Òun ló ń tọ́jú ẹyin, akọ a sì máa ṣọ́ àyíká. Ẹyin ń pa ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, tìyá-tìbàbá ni yóò máa da àwọn ọmọ kiri bí adìẹ, wọ́n sì lè ṣe ẹja mìíràn léṣe nínú àpótí tó há.

Omi tí àwọn ọmọ wà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọn ń nípa lórí bí akọ àti abo yóò ti pọ̀ tó: omi tó kan máa ń mú kí akọ pọ̀ jù, omi tí pH rẹ̀ súnmọ́ 7 sì máa ń mú kí abo pọ̀ jù.